Kànga Kan, Ẹ̀dà Méjì: Bí Ọ̀pọ̀ Ọwọ́ Ṣe Lè Ya Àwòrán Ilẹ̀ Kan Láìpa Iṣẹ́ Ara Wọn Rẹ́

Ní oṣù Èrèlé ọdún kan tí kò tíì jìnnà, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mẹ́tàdínlógún jáde fún ìrìn ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ agbègbè wa. Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, oòrùn sì ti ń mú. A tẹ àwòrán ilẹ̀ kan sórí ìwé, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ti lọ́wọ́ nínú yíyà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kànga kan wà lórí rẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà oko, ní nǹkan bí agbedeméjì ibi tí à ń lọ. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ di ẹrù omi ru ara wọn, nítorí a óò pọn omi níbẹ̀.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, kànga wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí omi nínú rẹ̀. Ewé gbígbẹ àti igi jíjẹrà ni a rí nísàlẹ̀. Kí a tó padà dé abúlé tí ó súnmọ́ wa jù, òòyì ti kọ́ ọmọbìnrin kan nínú wọn, ó sì jókòó sílẹ̀ láàrin ọ̀nà. Ọlọ́kadà kan tí ó ń ti oko bọ̀ ni ó gbé e lọ sílé. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, omi àti ìsinmi ni ó fi gbádùn. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin kan wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní: “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kànga yẹn ti gbẹ.” Mo rò pé ó fẹ́ dá ara rẹ̀ láre ni. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wo ìtàn kànga náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé òtítọ́ ni ó sọ. Ẹ̀dà kẹta sọ pé kànga ti gbẹ. Ẹ̀dà kẹrin kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ti pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́, ẹni náà kò sì mọ̀ pé òun pa ohunkóhun rẹ́. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀, àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀, ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ń fi fóònù yín kọ orúkọ àdúgbò wa sí ojú ayé.

Ìwé kan ṣoṣo, ọwọ́ púpọ̀

Àwòrán ilẹ̀ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni OpenStreetMap. Steve Coast ni ó dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004. Ẹnikẹ́ni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ lè fi ọ̀nà, odò, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ọjà kún un, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó láìsan owó, bí ó bá ṣáà ti sọ ibi tí ó ti rí i. Ohun mẹ́ta péré ni a fi kọ́ gbogbo rẹ̀: ojú-àmì, tí í ṣe ibì kan ṣoṣo lórí ilẹ̀, ìlà, tí í ṣe ojú-àmì púpọ̀ tí a so pọ̀, bí ọ̀nà tàbí ògiri ilé, àti ìbátan, tí ó ń kó àwọn méjèèjì jọ di ohun kan, bí ààlà ìlú. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni a ń lẹ àlàyé mọ́: ohun tí ó jẹ́, orúkọ rẹ̀, ipò tí ó wà.

Àwòrán ilẹ̀ tí a ń rí lójú fóònù kàn jẹ́ òjìji ni. Ohun gan-an tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni àkójọ ìsọfúnni kan, bí ìwé ńlá kan ṣoṣo tí ó ṣí sílẹ̀ láàrin ọjà, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ méjì bá bọ inú àwo kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà, wọn yóò gbá ara wọn.

Bí ìwé náà ṣe ń ṣọ́ ara rẹ̀

Ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú àkójọ yìí ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, ó sì ní nọ́ńbà ẹ̀dà. Nígbà tí a kọ́kọ́ kọ kànga wa sílẹ̀, ẹ̀dà kìíní ni. Ẹni tí ó tún un ṣe lẹ́yìn náà sọ ọ́ di ẹ̀dà kejì. Bí mo bá fẹ́ tún un ṣe, mo ní láti kọ́kọ́ gba ẹ̀dà tí ó wà níbẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mi. Nígbà tí mo bá ń fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà mi yóò sọ fún kọ̀ǹpútà àgbà pé: “Ẹ̀dà kejì ni mo rí kí n tó tún un ṣe.” Bí ẹ̀dà kejì bá ṣì ni ó wà lọ́hùn-ún, wọn yóò gba iṣẹ́ mi, yóò sì di ẹ̀dà kẹta. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ti ṣáájú mi, tí ẹ̀dà kẹta ti wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà àgbà yóò kọ̀ ọ́. Yóò dá a padà pẹ̀lú nọ́ńbà 409, èyí tí ó túmọ̀ sí ìforígbárí.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. A kò sọ pé kí gbogbo ayé dúró nítorí pé ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ lórí kànga. Ohun tí a sọ ni pé kí ẹni tí ó dé lẹ́yìn kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ẹni tí ó ṣáájú sọ. Bí a ti ń ṣe ní ìpàdé ẹbí nìyẹn: ẹni tí ó wọlé nígbà tí ọ̀rọ̀ ti lọ jìnnà kì í kàn la ẹnu rẹ̀. Yóò kí ilé, yóò sì bèèrè pé níbo ni ẹ bá ọ̀rọ̀ dé.

Àṣìṣe tèmi

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyí. Mo pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà méjì. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀dà kejì kànga náà. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ó ti gbẹ, wọ́n sì fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà. Ó di ẹ̀dà kẹta. Ẹgbẹ́ kejì ń ṣiṣẹ́ ní abúlé kan tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé. Wọ́n bèèrè orúkọ kànga náà lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó yẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí wọ́n tó rí ọ̀nà fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́. Dájúdájú, kọ̀ǹpútà àgbà kọ̀ ọ́.

Wọ́n pè mí. Ojú fèrèsé kan ṣí síwájú wa: ẹ̀dà tiwa wà lápá òsì, ẹ̀dà tiwọn wà lápá ọ̀tún, àyè ẹ̀dà tí a óò dà pọ̀ sì wà láàrin. Ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú iná lọ. Mo ní: “Ẹ yan tiyín, kí ẹ fi ránṣẹ́, kí a máa lọ sílé.” Wọ́n yan tiwọn. Orúkọ kànga wọlé, ìròyìn pé kànga gbẹ sì jáde. Ẹ̀dà kẹrin nìyẹn. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó purọ́ nínú wọn. Àwọn tí ó wo inú kànga sọ òtítọ́, àwọn tí ó bèèrè orúkọ náà sọ òtítọ́. Èmi olùkọ́ ni mo fi ìkánjú pa òtítọ́ kan rẹ́ nítorí òmíràn.

Ẹ̀rí mẹ́ta, kì í ṣe méjì

Nígbà tí mo padà jókòó ti ọ̀ràn náà, mo rí i pé ìforígbárí yẹn kì í tilẹ̀ ṣe ìjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ da ẹ̀dà méjì pọ̀ kò gbọdọ̀ wo méjì nìkan. Ẹlẹ́rìí kẹta wà, òun sì ni ìyá àwọn méjèèjì: ẹ̀dà tí wọ́n ti jọ bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni a óò ti bèèrè ìbéèrè nípa àlàyé kọ̀ọ̀kan. Ta ni ó yí èyí padà? Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ó yí i padà, ti ẹni náà ni kí á mú. Bí kò bá sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, kí á fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Bí àwọn méjèèjì bá yí ohun kan náà padà sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìgbà yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ di ti adájọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi kànga wa wò ó. Ẹ̀dà kejì, tí í ṣe ìyá, kò ní orúkọ, kò sì sọ̀rọ̀ nípa omi. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ omi kún un. Ẹgbẹ́ kejì fi orúkọ kún un. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọlu ara wọn. Kànga tí ó ní orúkọ lè gbẹ, kànga tí ó gbẹ sì lè ní orúkọ. Kọ̀ǹpútà àgbà kò lè mọ èyí, nítorí nọ́ńbà ẹ̀dà ohun náà lódindi ni ó ń wò, kì í wo àlàyé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wíwo lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ tiwa ni ó wà.

Ọ̀nà mìíràn: kí olúkúlùkù lọ sí yàrá tirẹ̀

Àwọn iléeṣẹ́ tí ń bójú tó ilẹ̀, omi tàbí iná mànàmáná máa ń lo ọ̀nà mìíràn. Nínú irinṣẹ́ iléeṣẹ́ Esri, fún àpẹẹrẹ, ẹ̀dà àgbà kan wà tí wọ́n ń pè ní DEFAULT. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ti ara rẹ̀ bí ẹ̀dà tirẹ̀, kí ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọjọ́ tàbí oṣù láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọn kì í da gbogbo àkójọ náà kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a fi kún un àti ohun tí a yọ kúrò nìkan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ìgbésẹ̀ méjì ni ó kù. Èkíní, òṣìṣẹ́ náà yóò mú gbogbo ohun tí ó ti yí padà nínú ẹ̀dà àgbà wá sínú tirẹ̀, yóò sì yanjú ibi tí wọ́n bá ti forí gbárí. Èkejì, lẹ́yìn tí ó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, yóò gbé iṣẹ́ rẹ̀ wọ inú ẹ̀dà àgbà. Ó tilẹ̀ lè pàṣẹ pé kí irinṣẹ́ náà máa ka nǹkan sí ìforígbárí nígbà tí ọwọ́ méjì bá kan àlàyé kan náà nìkan. Bí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bá ti wà fún kànga wa, ọ̀rọ̀ wa ì bá má dà báyìí.

Ọ̀nà yìí ní ìtura, ó sì ní ewu. Ẹni tí ó bá pẹ́ ní àjò yóò bá ilé ní ipò mìíràn. Gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó lọ sí Èkó tàbí Abidjan fún ọdún mẹ́wàá, tí ó padà dé, tí ó sì ń wá ìlẹ̀kùn níbi tí wọ́n ti mọ ògiri. Bí ẹ̀dà kan bá ti pẹ́ tó lẹ́yìn odi, bẹ́ẹ̀ ni wàhálà ìpadàbọ̀ rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi máa ń wọlé lóòrèkóòrè láti wo ohun tí àwọn ará ilé ń ṣe.

Ohun tí ẹ̀rọ kò lè rí

Ìforígbárí kan wà tí kò ní dún rárá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá ya ilé kan náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun méjì tí nọ́ńbà wọn yàtọ̀ ni wọn yóò dá. Kọ̀ǹpútà àgbà yóò gba méjèèjì tayọ̀tayọ̀, ilé kan yóò sì di méjì lórí ara wọn. Kò sí nọ́ńbà ẹ̀dà tí ó lè tú irú èyí fó. Pínpín iṣẹ́ ni oògùn rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní ọjọ́ 12 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2010, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni wọ́n jọ ya ọ̀nà àti ilé Port-au-Prince láàrin ọjọ́ díẹ̀, kí àwọn olùrànlọ́wọ́ lè rí ọ̀nà gbà. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àṣà kan ti jáde: wọ́n ń gé agbègbè sí onígun mẹ́rin kéékèèké, bí oko tí a fi ebè pín. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan, wọn yóò tì í mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Bí a bá ń ṣe ọ̀wẹ̀, kí á tó gbé ọkọ́ ni a ti ń mọ poro tí ó kan olúkúlùkù.

Orúkọ kì í pa orúkọ

Ìforígbárí tí ó le jù ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ti kànga, ti orúkọ ni. Kétu ni àwa ń pe ìlú wa. Kétou ni ìwé ìjọba kọ. Ṣábẹ̀ẹ́ ni àwa ń pè. Savè ni ó wà lójú pátákó. Olú-ìlú wa tilẹ̀ jẹ́ orúkọ mẹ́ta: àwa Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Gun ń pè é ní Hogbonu, àwọn Potogí sì fún un ní Porto-Novo. Èwo ni ó tọ̀nà? Bí àyè orúkọ bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹni tí ó kọ̀wé kẹ́yìn ni yóò máa borí, títí ẹlòmíràn yóò fi dé.

Mo rí èyí láàrin akẹ́kọ̀ọ́ mi méjì. Ọ̀kan kọ orúkọ àdúgbò kan ní Yorùbá, èkejì yí i padà sí ti Faransé, ẹni àkọ́kọ́ dá a padà, èkejì tún un yí. Ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀dà mẹ́fà. Kọ̀ǹpútà àgbà kò sọ ohunkóhun, nítorí olúkúlùkù wọn ti rí ẹ̀dà ìkẹyìn kí ó tó pa á rẹ́. Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà kan ní àdúgbò náà. A dọ̀bálẹ̀, a sì ro ẹjọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹnì kan kì í ní oríkì kí ó tún ní orúkọ ìwé? Ẹ kọ méjèèjì.”

Wọn kò mọ̀ pé ohun tí irinṣẹ́ náà ti pèsè ni wọ́n sọ yẹn. Lára ohun kan náà, àyè wà fún name, tí í ṣe orúkọ tí ó wà lójú ìlú lọ́wọ́lọ́wọ́. Name:yo wà fún Yorùbá, name:fr wà fún Faransé, name:guw wà fún Gun. Old_name sì wà fún orúkọ àtijọ́. Ẹni tí ó bá mọ àwọn àyè wọ̀nyí kò ní ìdí láti pa orúkọ ẹnikẹ́ni rẹ́. Mo sì fẹ́ kí ó yé wa pé bí àwa fúnra wa kò bá kọ name:yo fún àdúgbò wa, àyè náà yóò ṣófo ni, ojú ayé yóò sì rò pé a kò ní orúkọ níbẹ̀.

Ohun tí a kọ kì í ṣègbé

Ní Kétu, ìrántí orúkọ àwọn ọba àtijọ́ wà lọ́wọ́ àwọn tí a yàn fún un, tí wọ́n sì ń ti ẹnu bàbá gbé e sí etí ọmọ.  Àkójọ ìsọfúnni yìí ṣe ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀: ẹ̀dà tuntun kì í pa ẹ̀dà àtijọ́ run. Ẹ̀dà kẹta kànga wa ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ohun tí a bá yọ kúrò pàápàá, ìfarapamọ́ ni ó lọ. A lè pè é padà. Bí a bá sì dá nǹkan padà sí bí ó ti wà, ìdápadà náà yóò di ẹ̀dà tuntun, kò sí ẹni tí ó lè díbọ́n pé àṣìṣe kò ṣẹlẹ̀ rí.

Láti ọdún 2009 pẹ̀lú, gbogbo àtúnṣe ni a ń dì pọ̀ bí ẹrù kan kí a tó fi ránṣẹ́. Ẹrù kan kò gbọdọ̀ ju ohun 10,000 lọ, àyè sì wà lára rẹ̀ láti kọ gbólóhùn kan nípa ohun tí a ṣe àti ìdí tí a fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi àyè yìí sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni ẹni tí yóò da iṣẹ́ yín pọ̀ mọ́ tirẹ̀ yóò kà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ gba ẹ̀dà tuntun ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ pẹ́ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí ìforígbárí bá dé, ẹ ka àlàyé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo ẹ̀dà tí ó bí méjèèjì. Bí kò bá yé yín, ẹ kọ̀wé sí ẹni tí ó ṣáájú yín, kí ẹ sì dúró de èsì. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ lọ sùn. Kànga kò ní sá lọ mọ́júmọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìrìn wa, a padà sídìí kànga náà, olúkúlùkù sì gbé omi tirẹ̀ dání. Ọmọbìnrin tí òòyì kọ́ lọ́jọ́sí ni ó wo inú rẹ̀, òun náà ni ó sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí a dé ilé-ẹ̀kọ́. Ó fi orúkọ sílẹ̀ bí ó ti wà, ó dá ọ̀rọ̀ omi padà sí ààyè rẹ̀, ó sì fi ẹ̀dà karùn-ún ránṣẹ́. Nínú àyè gbólóhùn náà, ó kọ ọ́ pé: “Kànga yìí ti gbẹ. A lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.”